Ìwàásù Lórí Orin Bàbá Mi

Títí di òní, ìwàásù ló wà lórí orin tó dára jù lọ tí bàbá mi ṣe láyé rẹ̀. N kò sọ pé ìwàásù ṣáájú orin náà tàbí pé ó tẹ̀lé e. Orí orin gan-an ni ohùn pásítọ̀ jókòó sí, tó bò ó mọ́lẹ̀, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ní ìparí káséẹ̀tì. Ìyá mi ló gba ìwàásù náà sílẹ̀. Bàbá mi ló fi orin rẹ̀ pamọ́ síbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀ sí i. Kò sí èyí tó mọ ohun tí ẹnì kejì ṣe nínú àwọn méjèèjì, títí di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí àlejò wá bá wa nílé ní Ìkòsì, tí wọ́n fẹ́ fi etí ara wọn gbọ́ bóyá olórin ni bàbá mi lóòótọ́, àbí ọmọ ẹ̀yìn tó kàn mọ gìtá ta.

Délé Àrá ni wọ́n ń pè é nígbà èwe rẹ̀. Òun ló ń ta gìtá fún Ẹgbẹ́ Mànàmáná, àwọn ọ̀dọ́ Èkó tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàràgàdà, tí wọ́n dá irun sí bí igbó. Ní àkókò tiwọn, kò sí ilé ijó tí wọn kò ti mì. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, gbogbo ìyẹn ti di ohun tí àwọn àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín sí. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwọn ènìyàn bíi tiwa, tí ẹni tó bá ní in máa ń jáde sí gbangba kó tó dáhùn, kí àdúgbò lè rí i. Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí ọjà, bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti Màmá Ìpẹru, ìyá tó bí bàbá mi, tó wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò sì padà lọ mọ́.

Ìró ni mo fi ń rántí ilé náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátì àti àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya á ti máa fun fèrè ní Mile 12, àwọn alábàárù á máa pariwo pé kí ènìyàn yà fún wọn. Ní ẹ̀yìnkùlé, òróró ìyá mi á ti máa hó ṣìṣìṣì. Ṣín-ṣín ni Mọ́mì ń dín, tó ń gbé fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Kétu títí dé Ògùdù. Iṣẹ́ tèmi ni láti lẹ ẹnu náílọ́ọ̀nù pọ̀. Mo máa ń ká ẹnu rẹ̀ lé ojú ayùn, màá wá fi í kọjá lórí iná àbẹ́là. Tí ọwọ́ mi bá falẹ̀, náílọ́ọ̀nù á lu. Tí mo bá sì kánjú, kò ní í lẹ̀, ṣín-ṣín á rọ̀ bí ẹ̀wà sísè kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Lókè, nínú yàrá tó kọjú sí títì, Dádì ń tún ańpìlífáyà ṣe. Ó máa ń lọ sí Owódé Onírin lọ ṣa irin àti wáyà tó bá wúlò. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìkòsì àti Kétu ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí sípíkà kan kì í jó níbi tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run sókè. Ẹnu ló fi ń dán an wò. "Wan, tú. Wan, tú." Kò fi gìtá dán an wò rí. Gìtá rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku sì ti di aṣọ ìbora fún un.

Ọ̀rọ̀ gìtá yìí ni ìjà tí kì í tán láàárín òun àti Mọ́mì. Mọ́mì fẹ́ kó wá máa ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún yín, ẹ ti í mọ́nú àpótí." Dádì á ní, "Mo ń tún ohùn Rẹ̀ ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyẹn ò tó?" Màmá Ìpẹru kì í dá sí i. Á kàn máa bó iṣu ewùrà rẹ̀ lọ, á ní, "Ẹni tó bá máa kọrin á kọrin, ẹni tó bá máa dín ṣín-ṣín á dín in." Mo bi Mọ́mì lẹ́nu àìpẹ́ yìí bóyá ó kórìíra orin rọ́ọ̀kì nígbà náà. Ó dá mi lóhùn kíá: "N kò kórìíra ẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́ níṣojú mi, mo sì ní kó rọra, ọmọ ń sùn. Ìwọ ni ọmọ yẹn."

Ọjọ́ Àìkú ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. A ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a ń jẹ ìrẹsì, rédíò sì ń lọ lórí fìríìjì. Ètò kan wà tí Dádì kì í pàdánù rẹ̀, lórí àwọn olórin àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ náà, Ẹgbẹ́ Mànàmáná ló kàn, ẹni tó sì wá bá a sọ̀rọ̀ ni Ọ́ńkù Síjú, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà àti ẹni tó ń lé orin. Síjú ti di ènìyàn ńlá, Mágodò ló ń gbé. Dádì gbé àwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Síjú sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sọ nípa òun fúnra rẹ̀, ó tún sọ nípa òun fúnra rẹ̀. Káyọ̀dé wá bi í pé, "Délé Àrá ńkọ́, sà? Àwọn kan ní òun gan-an ni ẹgbẹ́ yín."

Síjú rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ni Délé," ló wí. "Ọwọ́ tó dáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ronú. Àwa là ń bá a ronú. Ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà ẹ rí ohun tó dá ṣe. Àwo méjì. Èkíní jọ tiwa, èkejì ò jọ nǹkan kan."

Rédíò kan náà ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní yàrá ìsàlẹ̀, ó sì yára dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Màmá Ìpẹru kọjú sí rédíò bí ẹni pé Síjú wà nínú rẹ̀. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà," ló wí, ó sì ń bá ẹran rẹ̀ lọ. Káyọ̀dé kéde pé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun máa parí ọ̀rọ̀ Mànàmáná, òun á sì sọ ipò tí oníkálukú wọn ní láti wà nínú ìtàn orin ilẹ̀ yìí. Dádì dìde. Ó fọ ọwọ́, ó wọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá obìnrin tó ń fi fóònù ta ìpè lábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọ̀nà, kó bá òun pe iléeṣẹ́ rédíò náà. Mo tẹ̀lé e. Ohun tó sọ fún Káyọ̀dé kò ju báyìí lọ: "Èmi ni Délé tí ẹ ń sọ. Ẹ̀kẹta wà. Ẹ wá gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó ṣèdájọ́. Ẹ mú Síjú dání."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí iṣẹ́ ìròyìn tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi ṣe kò fàyè gba ojúsàájú, bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá ẹni. Síjú kò parọ́ tán. Mo ti gbọ́ gbogbo àwo náà léraléra láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Nínú Mànàmáná, ohun tí bàbá mi ṣe kò ṣeé kó dànù: àwọn ẹgbẹ́ tó kù ń ṣe bí òyìnbó, àmọ́ òun mú bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń fi àtàǹpàkò ta àgídìgbo, ó gbé e lé gìtá oníná, ó wá fi iná kún un títí ó fi ń sán. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Àrá nìyẹn. Òun ló jẹ́ kí rọ́ọ̀kì gbọ́ Yorùbá. Àmọ́ àwo àkọ́kọ́ tó dá ṣe, ńṣe ló dà bí ọkùnrin tó kó kúrò nílé, tó wá dúró sẹ́nu géètì tó ń sọ̀rọ̀ sókè kí àwọn tó wà nínú ilé lè gbọ́. Kò sí orin kan níbẹ̀ tí Síjú kò sí. Èkejì wá dà bí ẹni tó sá jìnnà jù: gìtá gun orí gìtá, orin kan ṣoṣo gba ojú àwo lódindi, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ lé jó. Alágbàtà kan ní Kétu sọ fún mi pé àwọn oníbàárà ń dá a padà, tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo bá gbọ́ èyí lónìí, mo máa ń gbọ́ ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ tá ògiri kiri nínú òkùnkùn. Kò tíì rí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi àwo méjèèjì nìkan dá a lẹ́jọ́, bí Síjú ṣe dá a ló máa dá a.

Ẹ̀kẹta ni Dádì gbára lé. Ó ṣe é kété lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, ní sítúdíò kékeré kan ní Ògùdù, òun nìkan, gìtá kan, ohùn kan. Kò sí iléeṣẹ́ tó gbà láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó ni sítúdíò kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ẹ̀rọ, wọ́n sì kó àwọn téèpù ńlá dà sí ààtàn. Ohun tó kù ni káséẹ̀tì kan ṣoṣo tí Dádì mú wálé lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́. Kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Òun tó mọ inú ẹ̀rọ bí ẹni mọ inú àpò rẹ̀, ó ní gbogbo ìgbà tí orí ẹ̀rọ bá kọjá lára téèpù ló máa ń fá nǹkan díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. "Orin tí mo bá ń gbọ́ lójoojúmọ́, mò ń jẹ ẹ́ tán nìyẹn," ló máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo tó lè gbà á lọ́wọ́ ìdájọ́ Síjú fi wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Dádì ń bínú sí ìró ilẹ̀kùn, ó ń bínú sí ọmọ tó ń sunkún nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé gìtá jáde, ó nu eruku rẹ̀, kò ta á, ó tún dá a padà. Ní àárọ̀ Sátidé, ó to ohun èlò sí yàrá ìgbàlejò: ańpìlífáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, sípíkà méjì tó ga tó mi, àti bátìrì mọ́tò, kí ọ̀rọ̀ má bàa bàjẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Màmá Ìpẹru bọ́ sí ìdí ààrò, ó ń ro ìkọ́kọrẹ́, nítorí ó ní ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ ilé ẹni kì í lè bú ẹni délẹ̀. Mọ́mì fún mi ní iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù mi, ó ní kí n jókòó sí igun kí n má sọ̀rọ̀. Mo rò ó báyìí pé bàbá mi gbọ́n fún olè, ó gbọ́n fún iná ìjọba. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan ni kò gbọ́n fún.

Síjú kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú agbádá funfun àti dírẹ́bà tó dúró ti mọ́tò nísàlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ààbọ̀ fún Màmá Ìpẹru.

"Síjú," ni màmá wí, "ẹnu yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà o, Màmá. Ẹ kú ilé."

"Mo gbọ́ ọ ní rédíò."

Síjú rín ẹ̀rín ìtìjú. Ó yíjú sí Dádì. "Délé, o ti darúgbó."

"Ìwọ náà lọ wo dígí."

"Dígí pọ̀ nílé mi. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí ẹnì kejì. Káyọ̀dé dé, ọmọkùnrin pẹ́ńpẹ́ tó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kọ́ ọrùn, tó ń pe gbogbo ènìyàn ní Ọ̀gá. Dádì ṣí dúrọ́ọ̀. Ó yọ káséẹ̀tì kan tó wà nínú páálí ìwàásù, èyí tí àwòrán pásítọ̀ wà níwájú rẹ̀, tó na ìka sókè. Síjú lanu. "Délé! Ṣé o ti di àtúnbí ni?" Dádì ní, "Páálí lásán ni. Àwọn olè orin ti tú ilé mi rí. Olè orin kì í jí ìwàásù." Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó fi káséẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì dìde dúró bí ẹni tó fẹ́ kọ orin orílẹ̀-èdè.

Ìró híìì dún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn kan bú jáde nínú sípíkà méjèèjì, tó mú kí náílọ́ọ̀nù gbọ̀n lọ́wọ́ mi: "Ẹ wí fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, ilẹ̀kùn mi á ṣí!" Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dáhùn pé, "Á ṣí!" Nísàlẹ̀, aládùúgbò wa obìnrin kígbe, "Hálẹ̀lúyà!"

Dádì dá a dúró. Ó yí káséẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òfìfo ni. Ó tún yí i padà, ó tẹ̀ ẹ́. "Ilẹ̀kùn tí ọ̀tá tì!" ni pásítọ̀ wí. Síjú fi agbádá bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àkókò yẹn gan-an ni Mọ́mì gbé oúnjẹ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn, nítorí ó rò pé àwọn àlejò ló béèrè rẹ̀. "Áà, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e sí i? Ìwàásù yẹn lágbára o! Ọ̀sẹ̀ ìsọjí ni mo gbà á."

"Ìwọ lo gbà á?" Ohùn Dádì kéré gan-an.

"Èmi ni. Káséẹ̀tì mi tán. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìwàásù àtijọ́ yẹn, mo ki bébà bọ ihò òkè rẹ̀ kó lè gbà..." Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo páálí tó wà lórí tábìlì, ó sì gbé oúnjẹ lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ní láti ṣàlàyé ihò yìí fún àwọn tí kò bá ayé káséẹ̀tì. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gba nǹkan mìíràn lé orin òun máa ń ṣẹ́ ike kékeré tó wà lórí káséẹ̀tì, ihò ibẹ̀ kò sì ní í jẹ́ kí ẹ̀rọ gba nǹkan sí i mọ́, àyàfi tí ènìyàn bá dí i. Dádì ti ṣẹ́ tirẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ta ìwàásù náà máa ń ṣẹ́ tiwọn. Nítorí náà, ohun tí Dádì fi ṣe ààbò ló jẹ́ kó dá Mọ́mì lójú pé ìwàásù àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ òun. Kò sì sí obìnrin kan nínú ìjọ rẹ̀ tí kì í ki bébà bọ ihò káséẹ̀tì tó ti gbó, kó gba tuntun lé e.

"Orin mi ni," ni Dádì wí. "Ẹ̀kẹta ni."

"Orin wo? Inú páálí ìwàásù?"

"Mo fi pamọ́ fún àwọn olè ni."

Mọ́mì kọjú sí i. "Ẹ fi pamọ́ fún èmi náà, Dádì Bùsọ́lá. Ọdún gbogbo tí a ti jọ wà, ẹ ò sọ fún mi pé, ìyàwó mi, má fọwọ́ kan èyí. Ẹ ò gbé e sí i fún mi gbọ́ rí. Èmi náà ni olè?"

Pásítọ̀ ló fèsì, tó ń bá ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Káyọ̀dé na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ, ojú ń tì í. Dádì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi sílẹ̀." Ó yíjú sí Mọ́mì, kò sì jágbe mọ́ ọn, ńṣe ló ń bi í bí ọlọ́pàá tó ń bi ẹlẹ́rìí. "Ṣé o gbà á dé òpin káséẹ̀tì?" Mọ́mì ronú. Ó ní rárá, òun ń dín ṣín-ṣín lọ́wọ́ nígbà tí rédíò ń gbé ìsọjí náà, òun gbọ́ òórùn pé òróró ń jó, òun sì sáré wá pa ẹ̀rọ nígbà tí pásítọ̀ ní kí wọ́n dìde gbàdúrà. "Nǹkan kù níbẹ̀ nígbà náà," ni Dádì wí. "A máa dúró dè é."

Síjú ní kí wọ́n fà á síwájú kíákíá. Dádì kọ̀. Téèpù ti gbó, tí ẹ̀rọ bá fà á sáré, ó lè já, ó lè kákò. Bí ìwàásù bá gùn, ẹ jẹ́ kó gùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa jókòó. Mo ti wà ní ilé ẹjọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń retí èsì ìbò, n kò tíì rí ibi tí afẹ́fẹ́ le bẹ́ẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ń tutù, epo ń dì lójú rẹ̀. Màmá Ìpẹru di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Mọ́mì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi aṣọ ìnuwọ́ di ẹnu, kò sì ṣe àmín kankan, òun tí kì í jẹ́ kí àmín bọ́ sílẹ̀. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa wo bátìrì. Pásítọ̀ lọ sórí Jósẹ́fù, ó bọ́ sórí Dáníẹ́lì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Síjú ń gbádùn ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Nígbà tó tún yá, ojú Dádì ló ń wò. "Délé, ó tó," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo gbà pé o ṣe nǹkan kan."

"N kò fẹ́ kí o gbà," ni Dádì wí. "Mo fẹ́ kí o gbọ́."

"Gbogbo ìjọ, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká..." ni pásítọ̀ wí. Nǹkan kan dún kẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, gìtá.

Kò sán bí àrá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ọ̀kan ṣoṣo, tó rọra ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tó ń rìn káàkiri yàrá kí ọmọ má bàa jí. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá mi wọlé, ohùn tí n kò mọ̀ pé ó ní: *Ẹ má pè mí mọ́, mo ti ń bọ̀.* Ohun tó kó jìnnìjìnnì bá mi, tó sì ń kó o bá mi títí di báyìí, ni pé gìtá kò tẹ̀ lé ohùn náà. Ó dákẹ́. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù nílẹ̀ kó tó fèsì, bí àgbà tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ mì. Ohùn tún wí, gìtá tún dákẹ́, ó tún fèsì lọ́nà mìíràn. Gbogbo ohun tó ń wá nínú àwo kejì ló wà níbẹ̀, ó kàn dín in kù títí ó fi ku èyí tó yẹ ni. Kò sí Síjú níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bá jà. Ó sì tán. Téèpù sáré dé òpin, ẹ̀rọ pa ara rẹ̀.

Síjú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ibo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Nílé yìí," ni Dádì wí. "Lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́."

Mọ́mì bú sẹ́kún, ó sì lọ sí ìdí ààrò. Mo retí pé kí Síjú na ọwọ́. Ó kọjú sí Káyọ̀dé dípò bẹ́ẹ̀. "Má gbé e sáfẹ́fẹ́," ló wí. "Ìrù lásán ni. A kì í fi ìrù díwọ̀n ẹran. Iṣẹ́ tí kò lórí, iṣẹ́ wo nìyẹn? Àwo méjì ló ṣe, kó jẹ́ méjì." Ojú Dádì bàjẹ́. Mo lọ bá Síjú lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, mo bi í léèrè ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò fi bò. "Díẹ̀ yẹn ju gbogbo ohun tí a jọ ṣe lọ," ló wí fún mi. "Mo mọ̀ kó tó parí. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, kí ni wọ́n máa pe èmi?"

Káyọ̀dé kò mọ ohun tí òun máa ṣe. Ọmọdé ni níwájú àwọn méjèèjì. Ó ní òun máa bi ọ̀gá òun, obìnrin tó ń darí iléeṣẹ́ rédíò wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Mádáàmù. Ó jáde sí báńkónì níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Gbogbo wa dìde tẹ̀ lé e, tó fi mọ́ Màmá Ìpẹru, tó fọwọ́ ti ògiri. Fóònù ìgbà náà ń pariwo, ohùn obìnrin náà sì le. Kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tó bọ́ sílẹ̀. Káyọ̀dé ro gbogbo ẹjọ́: olè orin, páálí, ìsọjí, òróró tó ń jó, ìwọ̀nba tó kù. Mádáàmù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Mà. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí, Mà."

"Ìwàásù yẹn ńkọ́?"

"Òun náà ò burú, Mà."

"Ṣé ọkùnrin yẹn lè tún apá ìbẹ̀rẹ̀ ta?"

Káyọ̀dé wo Dádì. Dádì mi orí. "Ẹni tó ta á nígbà yẹn ti lọ," ló wí. "Tí mo bá tún un ṣe, irọ́ ni màá ta." Mọ́mì ti padà wá dúró lẹ́yìn wa, ojú rẹ̀ pọ́n. Káyọ̀dé sọ ọ́ fún Mádáàmù bí Dádì ṣe sọ ọ́.

"Ó dáa," ni Mádáàmù wí. "Lọ́la, ní àkókò ètò ẹ, gbé ohun tó kù sáfẹ́fẹ́ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí sí. Kí ìwọ má sọ̀rọ̀ lé e. Kí Ọ̀gbẹ́ni Síjú náà má sọ̀rọ̀ lé e. Tó bá tán, ṣí fóònù, kí àwọn tó ń gbọ́ wa dá ẹjọ́ náà fúnra wọn. Ẹni tó bá sì pè pé ìbẹ̀rẹ̀ orin náà dà, fún un ní àdírẹ́sì ilé wọn ní Ìkòsì, kí ìyàwó ọkùnrin náà dá a lóhùn."